Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Ìwé Jobeda?

Ọdún kan àti oṣù méje gbáko ni Jobeda Khatun fi ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn erékùṣù iyanrìn inú odò Brahmaputra, kó tó kọ ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ ìwádìí ló ń rò pé inú ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń ṣe é, lábẹ́ fáànù, pẹ̀lú ife tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Irọ́ gbuu! Jobeda á jí ní ìdájí, á jẹ ìrẹsì tó ti wà nínú omi láti àná, á fi ata tútù kan tì í, á wé àwọn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú ọ̀rá méjì kí omi má baà bà wọ́n jẹ́, ó di èbúté. Bí omi bá fà, awakọ̀ á já a sílẹ̀ lórí iyanrìn, á fẹsẹ̀ rin ìyókù, oòrùn á máa ta á ní àtàrí. Bí òjò bá dé, ọkọ̀ á máa fì síwá sẹ́yìn, á di inú mú, á máa pe Ọlọ́run. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kò sí ọ̀gá kankan nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tó ń wá kiri kò ṣàjèjì sí i, nítorí inú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Odò yẹn kì í jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi. Ọdọọdún ló ń jẹ erékùṣù kan, tó ń bi òmíràn síta níwájú. Ẹni tí odò bá jẹ ilẹ̀ rẹ̀ á tú ilé rẹ̀ palẹ̀, páànù, ọparun, ilẹ̀kùn, á kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀, á wá ẹni tó máa gbà á sí àgbàlá rẹ̀. Uthuli ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìjọba ti kọ̀wé lórí àwọn uthuli, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú náà ti kọ, gbogbo wọn ló sì ń sọ pé ọkùnrin tó nílẹ̀ ló ń gba ọkùnrin tí kò nílẹ̀. Jobeda ní rárá o. Ó ní ìdí ààrò ni wọ́n ti ń parí ọ̀rọ̀ náà, láàárín obìnrin sí obìnrin, kí ọkùnrin kankan tó gbọ́ sí i. Ó ní òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí uthuli bá dé, ìyáálé àgbàlá á fún un ní iná tó máa fi dáná. Bó bá tún wá lọ́jọ́ kejì, kò ní fún un mọ́. Ẹni tó bá dúró lókèèrè wò ó á ní ìyáálé yìí láhun. Bẹ́ẹ̀ ọ̀wọ̀ ni. Ẹni tó bá ń tọrọ iná lójoojúmọ́ ti di ìránṣẹ́ nínú àgbàlá náà, ẹni tí wọ́n bá ní kó lọ dá ààrò tirẹ̀ ti di aládùúgbò. Ohun tí Jobeda rí nìyẹn, tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ogójì ọdún wò tí wọn ò rí.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Ó ti gba oyè kejì ní yunifásítì, àmọ́ ọdún kẹjọ rèé tó ti ń ṣe amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwádìí ní ẹ̀ka ìmọ̀ àwùjọ ní ìlú Rangpur, iṣẹ́ tí wọ́n ń tún àdéhùn rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún, tí wọ́n sì lè má tún ṣe bó bá wu ọ̀gá. Ọdún yẹn ni wọ́n kéde àyè olùkọ́ kan ní ẹ̀ka náà, iṣẹ́ gidi, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ìbínú òwúrọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ síwájú ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé kan, ó kéré tán, nínú jọ́nà àwọn ọ̀mọ̀wé tí ayé mọ̀, orúkọ tirẹ̀ sì ni kó ṣíwájú lórí ìwé náà. Láìsí ìyẹn, kó lọ jókòó sílé. Ìdí tí Jobeda fi jókòó ti ìwé yìí nìyẹn bí adìyẹ tó sàba lórí ẹyin.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ló kọ ọ́. Jọ́nà tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ní òfin ju ilé-ẹjọ́ lọ. Ìwé kò gbọdọ̀ ju ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọ̀rọ̀ lọ, ìsọnísókí kò gbọdọ̀ ju igba lọ, gbogbo ìwé tó bá tọ́ka sí gbọ́dọ̀ tò bí ọmọ iléèwé. Òfin kan sì tún wà tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì tó máa yẹ iṣẹ́ náà wò kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó kọ ọ́, kí wọ́n má baà ṣojúsàájú. Nítorí náà, ìwé á wà lọ́tọ̀, ojú ewé orúkọ á wà lọ́tọ̀. Ọmọ tó ń pa òfin mọ́ ni Jobeda. Ó yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò níbi gbogbo bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Nígbà tó ṣe tán, èèyàn lè ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó má mọ̀ pé Jobeda kankan wà láyé. Ó gbé orúkọ rẹ̀ lé ojú ewé kan ṣoṣo, ó sì kó méjèèjì lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mostakim Prodhan, nítorí àṣà ẹ̀ka náà ni pé ìwé kankan kì í jáde bí kò bá gba ọwọ́ ọ̀gá kọjá.

Ẹ ò rí i bó ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún olè!

"Jobeda, o ti parí ẹ̀?"

"Mo ti parí ẹ̀, Sà. Ìwé rèé. Ojú ewé orúkọ rèé lọ́tọ̀."

"O káre. Gbé e síbẹ̀ yẹn. Màá fi ránṣẹ́."

"Sà, mo rò pé mo lè fi ránṣẹ́ fúnra mi, ó ní ibi tí wọ́n ti ń..."

"Kí wọ́n rí orúkọ ta?" Prodhan rẹ́rìn-ín, ó fi ewé pan tí wọ́n máa ń jẹ bí obì sẹ́nu. "Ọmọ mi, àwọn ará òkè òkun yẹn, èèyàn tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń dá lóhùn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Jẹ́ kí n bá ẹ nawọ́ sí i."

"Ẹ ṣé, Sà."

Ó tiẹ̀ tún ní ẹ ṣé! Ó kúnlẹ̀ ọkàn dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó ra gúgúrú ìrẹsì àti ṣúgà pupa lọ́jọ́ náà, ó pín in fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wà nínú yàrá, ó ní ìwé òun ti lọ.

Oṣù márùn-ún kọjá. Tó bá bèèrè, Prodhan á ní wọn ò tíì fèsì. Ó di ọjọ́ kan, ní bí aago méjìlá ọ̀sán, wọ́n ní ọ̀gá ń pè é kíákíá. Nígbà tó wọlé, ó bá Rezwan níbẹ̀ tó jókòó sórí àga àlejò, tó na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Rezwan yìí ni ọkọ ọmọ Prodhan. Òun náà ń wá àyè olùkọ́ yẹn, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó mọ aṣọ wọ̀ ni, ó sì bẹ̀rù omi débi pé kì í dé èbúté.

"Jókòó, jókòó," ni Prodhan wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí bọ́tà. "Iṣẹ́ kékeré kan ló wà níbí. Àwọn ará jọ́nà ti fèsì. Wọ́n fẹ́ràn ìwé wa."

*Ìwé wa.* Jobeda gbọ́ ọ, àmọ́ ayọ̀ ò jẹ́ kó dúró lórí ẹ̀. Ó gba lẹ́tà náà. Òkè pátápátá ló kọ́kọ́ wò, níbi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ni iṣẹ́ sí. Èkíní: Rezwan Hossain. Èkejì: Mostakim Prodhan. Kò sí ẹ̀kẹta.

Ó tún un kà. Ó yí i padà, bóyá wọ́n kọ tirẹ̀ sẹ́yìn.

"Sà, orúkọ mi dà?"

"Ó wà níbẹ̀ o! Wo ìparí ìwé, níbi ìdúpẹ́."

Ó wo ibẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé: *A dúpẹ́ lọ́wọ́ J. Khatun tó bá wa rìn dé àwọn abúlé, àti lọ́wọ́ awakọ̀ ojú omi wa.* Ṣé ẹ gbọ́ mi? Òun àti awakọ̀! Ẹ̀gún gún Jobeda láyà.

"Má jẹ́ kí ìyẹn dà ẹ́ láàmú," ni Prodhan wí. "Wo ìbéèrè olóòtú. Ó kàn fẹ́ àlàyé díẹ̀ ni."

Obìnrin ni olóòtú náà, ará ìlú òkèèrè kan. Ó kọ ọ́ pé àwọn méjèèjì tó yẹ iṣẹ́ náà wò ní ó pẹ́ tí àwọn ti ka irú ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó wá ní nǹkan kan ló ń rú òun lójú. Ní ojú ewé kọkànlá, ẹni tó kọ̀wé ní: *Nígbà tí mo wà ní ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án, tí odò jẹ ilé wa lẹ́ẹ̀kẹrin, ìyá mi rán mi wọ inú àgbàlá lọ tọrọ iná. Lọ́jọ́ kejì, ìyáálé ní kí n padà lọ sọ fún ìyá mi pé kó dá ààrò tirẹ̀. Mo sunkún. Ó tó ogún ọdún kí n tó mọ̀ pé ṣe ló dá wa lọ́lá.* Olóòtú ní òun wo orúkọ àwọn tó kọ̀wé, òun sì rí i pé ọkùnrin ni àwọn méjèèjì. Ó ní, ẹ jọ̀ọ́, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni ọmọbìnrin náà?

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀rín! Jobeda yọ orúkọ kúrò, kò yọ ara rẹ̀ kúrò. Àwọn olóyè méjì yìí fi orúkọ sórí iṣẹ́ oníṣẹ́, wọn ò sì kà á dé ojú ewé kọkànlá! Ọ̀jọ̀gbọ́n onírùngbọ̀n funfun kọ̀wé sí gbogbo ayé pé òun ni ọmọbìnrin tí wọ́n rán lọ tọrọ iná. Olè tó bá tiẹ̀ máa jí aṣọ, ṣé kò ní kọ́kọ́ wò ó bóyá yẹ̀rì ni?

"Sà," ni Jobeda wí, "ṣé ẹ ò ka ìwé náà ni?"

"Mo wò ó."

"Mi ò ní ẹ wò ó. Mo ní ṣé ẹ kà á?"

"Mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀!" Prodhan fọwọ́ gbá tábìlì. "Ìwọ ló yẹ kí n bi léèrè. Kí lo wá ọ̀rọ̀ ara rẹ lọ síbẹ̀? Iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì la ní kó o ṣe, o wá lọ ń sọ ìtàn ìyá rẹ!"

Rezwan dá sí i, ó ń yí fóònù lọ́wọ́. "Jobeda Apa, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ṣebí ilé kan náà ni gbogbo wa. Tiyín tèmi kọ́ ló yẹ kó wà láàárín wa."

"Rezwan, èwo lo dé rí nínú àwọn erékùṣù náà?"

"Ṣé pé... kí n dé ibẹ̀ gan-an?"

"Ibẹ̀ gan-an."

"Mo ti rí fọ́tò wọn."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó o máa gbé inú fọ́tò náà."

"Ó tó!" ni Prodhan wí. "Jobeda, gbọ́ mi. Kọ ìpínrọ̀ kan ṣoṣo. Kọ ọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ló sọ ìtàn yẹn, pé àṣìṣe ìtẹ̀wé ló jẹ́ kó dà bíi pé àwa la sọ ọ́. Tó o bá ṣe ìyẹn, màá fi orúkọ rẹ sí ẹ̀kẹta. Àdéhùn iṣẹ́ rẹ pàápàá máa parí lóṣù tó ń bọ̀, àbí kò rí bẹ́ẹ̀? Màá tún un ṣe fún ọdún méjì. Ṣé o rí i? Mi ò gbàgbé ẹ."

Ó dìde, ó fi àga tirẹ̀ lọ̀ ọ́. Ìyẹn náà, àṣà wọn ni. Àwọn àgbà ibẹ̀ kì í fọwọ́ ara wọn tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ ìwọlé Prodhan wà nínú ìwé pélébé kan lábẹ́ gíláàsì tábìlì, gbogbo ọmọ ẹ̀ka ló mọ̀ ọ́n, torí pé àwọn ló ń bá a ṣe gbogbo ẹ̀. Wọ́n ti ń pe ìrun ọ̀sán. Ó ní kí Jobeda kọ ọ́ kó sì fi ránṣẹ́ kí òun tó dé, ó mú àna rẹ̀ dání, wọ́n lọ sí mọ́ṣáláṣí. Wọ́n lọ fi orí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ṣe yìí tán!

Jobeda jókòó sórí àga aláwọ náà. Kò sunkún. Ó rántí ìyá rẹ̀ tó ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹni tó tú ilé rẹ̀ palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án láyé tó sì rán an lọ síléèwé nínú gbogbo ẹ̀. Wọ́n wá ní kó pe ìyá yẹn ní ìyá ẹlòmíràn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń fèsì, ó kọ ọ́ báyìí:

*Màdáámú, èmi ni ọmọbìnrin náà. Orúkọ mi ni Jobeda Khatun. Èmi ni mo ṣe iṣẹ́ yìí, èmi ni mo kọ ọ́. Àwọn ọkùnrin méjèèjì tí orúkọ wọn wà lórí ẹ̀ kò dé ibẹ̀ rí, wọn ò sì ka ojú ewé kọkànlá.*

Ó fi í-meèlì tirẹ̀ sísàlẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ti lọ. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì pa fáànù ọ̀gá kó tó jáde, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni.

Nígbà tí Prodhan mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ariwo rẹ̀ dé ilé oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Aláìmoore! Ejò! Ẹni tí mo gbé láti inú ẹrẹ̀! Ẹ máa gbọ́ o, inú ẹrẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti ń kó ẹja láìfẹsẹ̀ kan omi.

Olóòtú ní kí Jobeda fi ẹ̀rí ránṣẹ́. Ẹ̀rí kọ́ ló wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n tó bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ka ìwé ìyọ̀ǹda fún un kó sì fọwọ́ sí i. Àwọn obìnrin erékùṣù kò mọ̀wé kọ, ìka ni wọ́n ń tẹ̀. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni ìwé ìyọ̀ǹda tó wà nínú àpótí páànù lábẹ́ ibùsùn Jobeda, àtàǹpàkò dúdú kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé: *Jobeda Khatun ló kà á fún mi.* Ó ya fọ́tò gbogbo wọn pátá, ó fi ránṣẹ́. Olóòtú ní ìyẹn yé òun, àmọ́ òfin ní kí òun gbọ́ ẹnu ilé-ẹ̀kọ́ náà kí òun tó ṣe ohunkóhun. Ó kọ̀wé sí yunifásítì. Yunifásítì gba lẹ́tà náà, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá fi ránṣẹ́ sí ẹni tó yẹ kó yanjú ẹ̀, ìyẹn ọ̀gá ẹ̀ka. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mostakim Prodhan!

Ẹ sọ fún mi, níbo ni wọ́n ti ń fi olè ṣe adájọ́ ara rẹ̀ tí ayé ò tíì parẹ́? Ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, òun ni alága, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ni ọmọ ìgbìmọ̀. Wọ́n mu tíì, wọ́n jẹ bisikíìtì, wọ́n gbé ìwé kan síwájú Jobeda. Ó wà níbẹ̀ pé òun Jobeda ṣe àṣìṣe nítorí ìrònú tó pọ̀ lọ́kàn òun, pé amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ lásán ni òun, pé òun tọrọ àforíjì.

"Fọwọ́ sí i, kó o lọ máa ṣiṣẹ́ rẹ lọ," ni Prodhan wí. "A ò fẹ́ ba ọjọ́ iwájú rẹ jẹ́."

"Ọjọ́ iwájú wo, Sà?"

"Jobeda, má ṣe agídí. Obìnrin kì í ṣe agídí báyìí."

"Ẹ bi mí léèrè ohun kan nínú ìwé náà. Ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ẹ bi Rezwan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lẹ́nu wa, kó máa mú un lọ."

Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì wojú ara wọn. Ọ̀kan tún bu bisikíìtì. Kò sẹ́ni tó béèrè ohunkóhun. Jobeda gbé bírò náà lé orí ìwé àforíjì wọn láìkọ nǹkan kan sí i, ó dìde.

Wọn ò tún àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ ìgbìmọ̀ olùkọ́ dé, wọ́n ní Jobeda kò ní ìwé kankan níta, wọn ò tilẹ̀ pè é wọlé. Rezwan gbé ìwé mìíràn jáde, ọ̀kan tí bàbá ìyàwó rẹ̀ ti kọ tipẹ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ṣíwájú, wọ́n sì fún un ní iṣẹ́ náà. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Jobeda lọ ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ẹ̀kọ́ ilé nílùú náà, ọmọ mẹ́ta ní àárọ̀, mẹ́rin ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ gúgúrú ìrẹsì rẹ̀ lọ́jọ́sí ń gba òdìkejì títì kọjá bí wọ́n bá rí i.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, lẹ́tà olóòtú dé. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ fèsì, àmọ́ èsì náà kò dáhùn ìbéèrè kankan. Ó ní àwọn ti bi àwọn ọkùnrin méjèèjì léèrè orúkọ erékùṣù mẹ́ta péré tí wọ́n dé, wọn ò sì fèsì títí di òní. Ó ní àtàǹpàkò mọ́kànlélọ́gọ́ta náà ti tó ẹ̀rí lójú àwọn. Ìwé náà máa jáde lóṣù tó ń bọ̀, orúkọ kan ṣoṣo ló sì máa wà lórí rẹ̀.

Ó jáde. Jobeda lọ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ọjà, ó wo orúkọ ara rẹ̀ lókè títí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù fi bi í bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ti bọ́, àyè olùkọ́ ti lọ, ṣùgbọ́n orúkọ náà wà níbẹ̀ gbagidi, Prodhan ò sì lè yọ ọ́ mọ́ láyé. Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ó di ìwé náà sínú ọ̀rá méjì, ó wọ ọkọ̀, ó lọ bá Chachi Moymuna.

Moymuna yìí, tí Jobeda ń pè ní Chachi bí ẹni ń pe àǹtí, ni ìyáálé tó fún un ní iná nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Odò ti lé òun náà lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà yẹn, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ń yọ àgbàdo kúrò lára ṣúkù ní àgbàlá nígbà tí Jobeda dé. Ó pariwo, ó pe àwọn obìnrin yòókù, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n jókòó yí i ká, ó tó mẹ́wàá. Jobeda sọ bí wọ́n ṣe gba orúkọ òun àti bó ṣe padà fún wọn, ó wá ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wọn bó ṣe ń kà á lọ.

Inú wọn dùn! "Bẹ́ẹ̀ ni! Bó ṣe rí gan-an nìyẹn!" "Jobeda, ṣé òyìnbó ń ka èyí?" "Kí ló dé tí o ò fi kọ ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi síbẹ̀, oníwà burúkú yẹn?" Nígbà tó dé ibi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń sunkún, Moymuna fi etí aṣọ nu ojú, ó ní, "Ojú rẹ wú lọ́jọ́ náà. Mo rí ọ."

Jobeda ń kà á lọ. "Rahela, ìyáálé àgbàlá, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé, sọ fún mi pé: 'Bí mo bá fún un ní iná lẹ́ẹ̀kejì, mo ti gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo àgbàlá á máa pè é ní ọmọ ọ̀dọ̀ mi.'"

Moymuna gbé ṣúkù àgbàdo sílẹ̀. "Dúró ná. Ta ni Rahela?"

"Chachi, ẹ̀yin ni."

"Èmi kọ́. Ọ̀rọ̀ mi lo kà yẹn. Èmi ni mo sọ ọ́, nídìí ààrò yìí."

"Ẹ̀yin náà ni. Mo yí orúkọ padà ni. Òfin iṣẹ́ wa ni, a kì í kọ orúkọ àwọn tó bá wa sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà wá dà wọ́n láàmú. Mo kà á fún yín nígbà náà, ẹ sì tẹ̀ka sí i."

"Kí ni mi ò ní tẹ̀ka sí fún ẹ? Bó o bá ní kí n tẹ̀ka pé mo ti kú, màá tẹ̀ ẹ́." Ohùn obìnrin náà ti ń ga. "Ta ló fẹ́ dà mí láàmú? Odò nìkan ló ń dà mí láàmú, odò sì mọ orúkọ mi! Gbogbo àwọn yìí ńkọ́? Níbo lo kọ Kohinur sí? Níbo lo kọ Ojufa sí?"

Jobeda kò lè gbójú sókè. Gbogbo wọn pátá, ó ti fún wọn lórúkọ mìíràn. Ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi ṣe é, nílé, pẹ̀lú ife tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Chachi, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ mi bí mo bá kọ orúkọ yín."

"O bi wọ́n?"

Kò bi wọ́n. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé èèyàn lè béèrè.

"Wọ́n gba orúkọ tìẹ, ọdún kan lo fi pariwo. O gbé àtàǹpàkò wa kiri ayé títí wọ́n fi dá a padà fún ẹ. Ó dáa. Mo bá ẹ yọ̀, ìyá rẹ náà á yọ̀ níbi tó wà. Tèmi ńkọ́, Jobeda? Ta ló máa bá mi pariwo?"

Adìyẹ kan ń ṣa àgbàdo tó dà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lé e.

Moymuna tún gbé ṣúkù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́, ó yọ ọ́ kíkankíkan. "Máa kà á lọ," ó ní. "Àmọ́ níbikíbi tó o bá ti rí Rahela yẹn, Moymuna ni kó o pè."

Jobeda kà á lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi parí. Ó ń pe Moymuna, ó ń pe Kohinur, ó ń pe Ojufa, ojú rẹ̀ sì wà lórí ìwé tí ìkankan nínú orúkọ wọ̀nyí kò sí nínú rẹ̀.